Ìpẹ̀ Tí A Lọ Bẹ̀ ní Al Ras

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ẹni tó wá kí mi káàbọ̀ ló fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé gíga Dubai. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé ilé yẹn wọ inú ìkùukùu?" Mo rí ilé náà o. Ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i. Ó ga, ó ń dán, mo sì tètè gbé ojú kúrò nítorí ọrùn ti ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí a jọ gbé yàrá ni, àti ọ̀rọ̀ bàbá Gíríìkì kan tó ti kú láti ayébáyé, tó kọ ìtàn ogun sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo gba àyè ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ kàwé kún ìwé ní yunifásítì aládàáni kan ní Dubai. Ìgbà tí mo lọ kì í ṣe ìgbà tí ìlú náà ń ṣe fàájì. Ọrọ̀ ajé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú dé ni, àwọn èèyàn sì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nígbà tí èmi ń tú tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orí mi kò pé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́.

Ẹ̀rọ omi tútù

Ooru ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ ooru. Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò iṣu tó ń hó, kí ẹ wá gbé ojú lé e, bẹ́ẹ̀ ló rí ní àárọ̀, kí oòrùn tó yọ dáadáa.

Al Majaz ni mo dé sí, ní Sharjah, nítorí pé owó ilé Dubai kò ṣeé gbọ́ sétí. Ibẹ̀ dára. Ọ̀sà wà níwájú ilé, àwọn ìdílé ń rìn gbẹ̀fẹ́ létí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ wọn ń fi kẹ̀kẹ́ gbá èèyàn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo òdìkejì, ẹ ó rí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ dé àárín tí wọ́n pa tì, àti àwọn irin gàgàrà tí wọ́n fi ń gbé búlọ́ọ̀kù sókè. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, n kò rí kí ọ̀kan nínú wọn mira. Mọ́tò wà lójú pópó tí eruku ti bò mọ́lẹ̀, tí ẹni tó ni ín ti wọ bàálù lọ sí ìlú rẹ̀ láì dágbére.

Ibùsùn ni mo háyà, kì í ṣe yàrá. Bedspace ni wọ́n ń pè é. Àwa obìnrin ọmọ Nàìjíríà la wà nínú fúláàtì náà, àwọn kan ń ṣe gáàdì, àwọn kan ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, èmi nìkan ni mo gbé àpò ìwé kọ́rùn. Ní ọjọ́ tí mo dé, mo wọ balùwẹ̀ láti wẹ òógùn ọ̀nà kúrò. Mo ṣí ẹ̀rọ omi tútù. Igbe tí mo ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé.

Ẹnìkan fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, kì í ṣe tútù yẹn lò ń ṣí o! Oòrùn ti se omi yẹn lórí òrùlé. Èyí tí wọ́n kọ 'hot' sí lára, òun ni kó o ṣí. A ti pa heater ẹ̀, inú ilé lomi ẹ̀ wà."

Bí mo ṣe mọ Àǹtí Múíbátù nìyẹn. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó fi díẹ̀ jù mí lọ, ó ti pẹ́ ní ìlú náà. Gáàdì ni, ẹnu ọ̀nà ilé alájà púpọ̀ kan ní Al Mamzar ló ń ṣọ́, níbi tí Dubai ti fi orí kan Sharjah. Tó bá wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, tó dé fìlà rẹ̀ lé orí híjáàbù, ẹ̀rù á ba yín. Tó bá bọ́ ọ, ìyá ọlọ́mọ ni, tó máa ń bi èèyàn bóyá ó ti jẹun.

Ìwà ọmọlúwàbí àwọn àjèjì

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nílé pé Lárúbáwá kì í wo ojú ẹni. Irọ́ ni. Nínú bọ́ọ̀sì, bí obìnrin bá wọlé, ọkùnrin tó jókòó níwájú á dìde láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ̀rọ̀, á lọ dúró lẹ́yìn. Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè nílé wa, ẹni tó bá wọlé á kí gbogbo wa ní sàlámù, kódà tí ojú rẹ̀ kò túká. Ìyá Síríà tó ń gbé òdìkejì máa ń fi abọ́ ìrẹsì rán ọmọ rẹ̀ sí wa, a ó sì fi mọ́ínmọ́ín dá abọ́ náà padà, nítorí kì í ṣe ìwà tiwa láti dá abọ́ òfìfo padà. Títí mo fi kúrò, n kò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò mọ tèmi. "Sister" ló ń pè mí, "Màmá" ni mo ń pè é.

Òtítọ́ ni pé àwọn ìwà kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Onítáàsì kan bi mí bóyá a ní ilé ní Áfíríkà tàbí orí igi. Mo ní orí igi ni, ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ tó ń gbé wa ròkè. Ó gbà mí gbọ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní kúbúsù títí ó fi sú mi, mo wá tún padà fẹ́ràn rẹ̀. Tíì oníwàrà tí wọ́n ń sè pẹ̀lú èròjà, karak, òun ni mo ṣì ń rántí lójoojúmọ́. Gààrí wà ní Deira, ṣùgbọ́n ó ti rin ìrìn-àjò jù mí lọ, kò sì kan mọ́.

Bàbá Gíríìkì

Dókítà Nádíà ló ń kọ́ wa nípa agbára àti ìṣèlú. Ọmọ Lẹ́bánónì ni, inú ogun ló ti dàgbà, kì í gbé ohùn sókè. Ìwé kan ṣoṣo ló fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ wa, ìwé òpìtàn Gíríìkì àtijọ́ kan. Orúkọ ọkùnrin náà le lẹ́nu, Bàbá Gíríìkì ni mo ń pè é nílé, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo fúláàtì lẹ́nu.

Ìtàn ogun láàárín ìlú ńlá méjì ló kọ, ọ̀kan ní ọkọ̀ ojú omi, ìkejì ní ọmọ ogun orí ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gágun rí. Ìlú kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ sì lé e kúrò nílé. Ìgbèkùn ló ti ń wo ogun náà tó sì ń kọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì máa ń rí nǹkan tí onílé kì í rí. Kì í bínú nínú ìwé rẹ̀, kì í sunkún. Á kàn sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é.

Ní ọjọ́ kan a kà nípa erékùṣù kékeré kan. Àwọn ọlọ́kọ̀, ìyẹn ará ìlú tó ní ọkọ̀ ojú omi, wá bá wọn, wọ́n ní kí wọ́n tẹríba tàbí kí wọ́n parun. Àwọn ará erékùṣù ní àwọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òtítọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn, Ọlọ́run yóò jà fún àwọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n fi òtítọ́ sílẹ̀, àwọn tí agbára wọn dọ́gba ló ń bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ òtítọ́. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì parun.

Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní, lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n jiyàn rárá. Ṣe ni wọn ì bá kó àwọn àgbà jọ, kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Dókítà Nádíà kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní ní ìlú tèmi, bóyá a jẹ̀bi bóyá a kò jẹ̀bi, a máa ń bẹ ẹni tó ń bínú ná. A ó kúnlẹ̀, a ó ní kó má bínú. Ojú á wá ti ìbínú rẹ̀. Ìgbà tí ara bá ti balẹ̀ la ó tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Bí ẹni tí ẹ lọ bá kò bá mọ àṣà yẹn ńkọ́?"

Mo fi ojú sínú ìwé mi.

Páálí tó sọnù

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí Múíbátù ti ibi iṣẹ́ dé tí kò béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Páálí kan tí wọ́n gbé wá fún ayálégbé ilé tó ń ṣọ́ ló di àwátì lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ní àkókò tí wọ́n ní ó sọnù, Àǹtí kò sí nídìí tábìlì. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ló ní kó bá ìyá arúgbó kan gbé ẹrù lọ sókè, súpáfáísọ̀ náà ló sì jókòó dè é. Ṣùgbọ́n ayálégbé ti fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ wọn, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe Àǹtí sí ọ́fíìsì.

Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé súpáfáísọ̀ ló rán yín ni?"

"Ta ni màá sọ ọ́ fún? Máníjà fi ìbínú pè mí lórí fóònù. Mo kàn ń sọ pé sorry sir, sorry sir."

Ó bọ́ bàtà kan, ó mú un dání. "Tíṣà, gbọ́. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ sílé, màá lọ. Ṣebí mo nílé. Àmọ́ kí wọ́n ní mo jalè? Fàtíà ọmọ mi fẹ́ lọ́kọ lọ́dún yìí. Kí ni màá sọ fáwọn àna mi? Pé wọ́n lé mi ní Dubai torí páálí?"

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi, nítorí n kò rí ẹkún rẹ̀ rí.

Ìpinnu ọjọ́ Jímọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn tó lọ kírun ti dé, a jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀. Màmá Ìlọrin ló dàgbà jù láàárín wa, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé ní fúláàtì wa.

Ó ní, "Kò sí grammar níbẹ̀. Ẹ lọ bẹ ọkùnrin yẹn. Múíbá, kúnlẹ̀ fún un dáadáa. Tíṣà, ìwọ tẹ̀ lé e, ìwọ lo gbọ́ òyìnbó."

Gbogbo wa gbà. Èmi gan-an ló fi ọwọ́ sí i jù, mo tilẹ̀ fi Bàbá Gíríìkì ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ní ọ̀gá ni wọ́n, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, àwa kò sì ní nǹkan kan. Ẹ wo àwọn tó lọ bá alágbára jiyàn òtítọ́, ẹ wo ibi tó já sí. Màmá Ìlọrin ní, "Bàbá yẹn gbọ́n." Báyìí ni ìwé àti àṣà fi ohùn ṣọ̀kan.

Ní ọ́fíìsì

Al Ras ni ọ́fíìsì náà wà, ní Deira àtijọ́, lókè ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò èròjà ọbẹ̀. Kí ẹ tó dé ẹnu àtẹ̀gùn, ẹ ó ti sín dáadáa, nítorí àpò ata gbígbẹ àti kànáfùrù ló wà ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn aláàrù ń ti ọmọlanke kọjá, wọ́n ń pariwo "yalla, yalla" pé ká yára kúrò lọ́nà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pe wá: "Sister, come, come, see only!"

Ọ̀gbẹ́ni Wahíd ni máníjà. Ọmọ Pakísítáánì ni, ọ̀dọ́kùnrin, ojú rẹ̀ rí bí ti ẹni tí kò sùn. Kí ó tó ní ká jókòó, Àǹtí ti wà lórí eékún.

"Sir, sorry sir. Abeg, no vex. Forgive me, sir."

Ọkùnrin náà dìde lórí àga. Ẹ̀rù bà á, mo rí i. Ó wo Àǹtí, ó wò mí, ó wá bi Àǹtí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ìyẹn já sí pé lóòótọ́ ló gbé páálí náà.

Mo ní, "No, sir, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ṣùgbọ́n Àǹtí ṣì ń sọ sorry lọ nílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, ohùn Àǹtí ń ga sí i. Lójú rẹ̀, ìpẹ̀ ò tíì wọlé ni. Lójú ọkùnrin yẹn, ẹni tí kò ṣẹ̀ kò ní wá forí balẹ̀ fún èèyàn. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Khalas," ó ní, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun yóò ti sọ fún àwọn ọ̀gá òun àti fún ayálégbé pé Àǹtí ti jẹ́wọ́.

A sọ̀ kalẹ̀. A rìn kọjá láàárín àpò ata, kò sẹ́ni tó sín nínú wa.

Ọkọ̀ kejì

Ní ọjọ́ kejì ni mo padà sí kíláàsì, n kò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn agbára kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn la kà ní ọjọ́ yẹn. Ìlú náà wà lábẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, ó sì ṣọ̀tẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi ìbínú pàdé, wọ́n ní kí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, wọ́n rán ọkọ̀ kan lọ jíṣẹ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Àwọn aṣojú ìlú náà tó wà láàárín wọn ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. Ọkùnrin kan dìde, kò bẹ̀bẹ̀, kò sọ̀rọ̀ àánú. Ó ní kí wọ́n ro èrè tó wà níbẹ̀ fún àwọn fúnra wọn: bí wọ́n bá pa gbogbo èèyàn, ta ni yóò tún túúbá fún wọn lọ́jọ́ mìíràn? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n rán ọkọ̀ kejì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, kó lọ dá àṣẹ náà dúró.

Nínú ilé ìdáná ni mo ti sọ ìtàn yìí fún Àǹtí, ó ń gé àlùbọ́sà. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ kejì bá a?"

"Àwọn tó ń tu ọkọ̀ kejì ò dúró jẹun. Ibi tí wọ́n ti ń tukọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, bí àwọn kan ṣe ń sùn làwọn kan ń tù. Àwọn ti àkọ́kọ́ ò yára."

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á ni. Ta ló máa yára lọ jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn?" Ó nu ojú, àlùbọ́sà ni tàbí nǹkan mìíràn. "Wọ́n bá a àbí wọn ò bá a?"

"Wọ́n bá a. Wọ́n ti ka àṣẹ àkọ́kọ́ tán, wọn ò tíì ṣe é."

Ọbẹ̀ ń hó. Àwa méjèèjì jọ rò ó títí: kí ni èrè Wahíd nínú kí ó pe gáàdì rẹ̀ ní olè? Bí ó ṣe ń sọ tirẹ̀ ni mo ń sọ tèmi, nígbà tí a fi máa jẹun tán, ọ̀rọ̀ náà ti tò.

"Ọ̀la la máa lọ," Àǹtí wí. "Mi ò ní kúnlẹ̀."

Al Ras lẹ́ẹ̀kejì

Ó dúró gbọnrangandan níwájú tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì tó ní lọ́wọ́ ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi yóò kọ ọ́ bí òun ì bá ṣe sọ ọ́ nílé.

"Ọ̀gá, lọ́jọ́sí mo kúnlẹ̀. Nílé wa, tí inú bá ń bí ọ̀gá, a máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí inú ẹ̀ lè rọ̀, ká tó wá sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ ò dúró gbọ́ ìyẹn. Mi ò mú páálí kankan. Súpáfáísọ̀ ló rán mi lọ sókè, òun ló jókòó nídìí tábìlì títí mo fi sọ̀. Ẹ pè é."

Àǹtí tún ní, "Àwọn ayálégbé ń kó lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní gáàdì yín ń jalè, ta ló tún máa gbé ilé fún yín ṣọ́?"

Wahíd gbé fóònù, ó bá súpáfáísọ̀ sọ èdè wọn. Mo gbọ́ "accha, accha", bí ẹni ń sọ pé ó dáa, ó dáa. Nígbà tó gbé e kúrò létí, ó ní kí Àǹtí jókòó. Ó ní súpáfáísọ̀ ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, pé òun kò sì tíì sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé Àǹtí jẹ́wọ́. Ó bi Àǹtí léèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Inú ń bí yín, sà. Ṣé kí n máa dá yín lóhùn ni?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìyá òun náà kì í fẹ́ kí ọmọ dá òun lóhùn. Ó wá sọ èyí tó ṣòroó sọ. Ilé tí Àǹtí ń ṣọ́ ti ṣófo ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fẹ́ dín gáàdì kù. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ máa tó parí, wọn kò sì ní tún un ṣe. Òun ti mọ̀ kí páálí tó sọnù.

Àǹtí ní, "Ṣé mo jẹ̀bi?"

"No, sister. No fault."

Àǹtí ní kó tún un sọ lójú mi. Ó tún un sọ. Ó ní kó sọ ọ́ sí súpáfáísọ̀ létí. Wahíd tún gbé fóònù, ó sì sọ ọ́. Títí di òní, a kò mọ ibi tí páálí yẹn wọlé sí.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo lè sọ. Àǹtí kò dúró dè mí. Ó ń lọ sí etí omi, níbi tí àwọn ọkọ̀ onípákó ti ń gbé èrò sọdá sí òdìkejì ìlú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun kò wọ ọ̀kan rí, torí òun máa ń sáré lọ síbi iṣẹ́ nígbà gbogbo. A jókòó sórí pákó láàárín àwọn lébìrà àti òyìnbó arìnrìn-àjò kan. Atẹ́gùn fẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí atẹ́gùn ìlú náà tù mí lára.

Ní àárín omi ló pe Ìṣẹ́yìn.

"Fàtíà? Sọ fún bàbá ẹ pé mò ń bọ̀ nílé. Ẹ̀n? Rárá o. Wọn ò lé mi." Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń pariwo, ọmọ náà kò gbọ́ dáadáa. Àǹtí dìde dúró, ó di irin òrùlé ọkọ̀ mú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ yíjú wò wá.

"Mo ní iṣẹ́ ló parí! Ṣé o gbọ́? Iṣẹ́ ló parí!"